Itọ́ Ni Àbí Ìtọ̀?

"Ṣé ìpàdé ni àwọn màlúù yín ń ṣe ni, àbí kí ló kó gbogbo wọn jọ sábẹ́ igi kan ṣoṣo?"

Ọkùnrin tó ń yẹ omi wò ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ó dúró ti kànga ẹ̀yìn ilé, ó fi báàgì kọ́ èjìká, ó ń wo màlúù mẹ́jọ tí wọ́n fara ti ara wọn lábẹ́ ibòòji, tí wọ́n ń jẹ àpọ̀jẹ bí àgbà tó ń gbẹ́jọ́.

Ọmọbìnrin tó jókòó sórí àpótí láàárín wọn yára ti fóònù rẹ̀ bọ abẹ́ yẹ̀rì. "Wọ́n fẹ́ràn ibòòji ni, sà."

"Àwọn ló fẹ́ràn ẹ̀, àbí ìwọ?"

Ìdí kan wà tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Ibòòji nílé. Bí oòrùn bá ti ràn, tí ẹ bá ń wá a, ẹ kàn wá ibi tó ṣókùnkùn tó sì tutù, ẹ ó bá a níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá àgbà, bàbá ìyá rẹ̀, ló ń gbé, tó ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Bàbá àgbà ló ni àwọn màlúù náà, wàrà wọn ló sì ń tà. Òfin kan ṣoṣo ló fún ọmọ-ọmọ rẹ̀: ní àràárọ̀, kó tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́, kó kó màlúù lọ sí apá ibòmíràn nínú pápá, kó fi okùn yí wọn ká níbẹ̀, kí koríko àná lè sinmi. Ṣùgbọ́n pápá náà gùn, ìrì sì ń rin ẹsẹ̀. Bàbá àgbà fúnra rẹ̀ á ti gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, á ti lọ fi wàrà jíṣẹ́ fún àwọn oníbàárà. Ta ni yóò wá rí i?

Ìyá Ibòòji bá ro ó, ó tún un rò. Ó gbé òkúta iyọ̀ tí àwọn màlúù máa ń lá wá sábẹ́ igi tó wà lẹ́bàá kànga. Ó gbé ọpọ́n omi wọn wá síbẹ̀ pẹ̀lú. Màlúù kò gọ̀. Ibi tí iyọ̀, omi àti ibòòji bá ti pàdé, ilé ni. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń dúró síbẹ̀ látàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ìgbẹ́ tí wọ́n bá yà, ó ń fi ṣọ́bìrì kó o, á sì lé wọn wọ pápá díẹ̀ kí bàbá àgbà tó dé, ilẹ̀ á mọ́ tónítóní. Àmọ́ ohun kan ń bẹ tí ṣọ́bìrì kò lè kó.

"Gbọ́," ọkùnrin náà ní, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Omi tí mo bù níbí lọ́jọ́sí, èsì rẹ̀ ti jáde. Kò dáa. Ìtọ̀ màlúù ni."

"Ìtọ̀ kẹ̀? Sà, wọn ò tọ̀ sínú kànga o! Wọn ò tiẹ̀ lè gun ẹnu ẹ̀."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ta ló ní wọ́n gùn ún? Ilẹ̀ ni wọ́n ń tọ̀ sí. Ajílẹ̀ ni ìtọ̀ màlúù. Bí màlúù bá ń rìn káàkiri pápá, tó tọ̀ díẹ̀ síbí, tó tọ̀ díẹ̀ sọ́hùn-ún, koríko á fà á mu, á fi sanra. Àmọ́ tí gbogbo wọn bá dúró sójú kan, koríko ibẹ̀ á yó. Tó bá ti yó, ìyókù ńkọ́? Òjò á tì í wọlẹ̀. Á di ohun tí à ń pè ní náítíréètì, á máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi bá omi kànga. Kò láwọ̀, kò lóòórùn. Ẹni tó ń mu ún ò ní mọ̀."

"Tí a bá sè é ńkọ́, sà?"

"Sísè ò lè lé e lọ. Omi ló máa fà, òun á wá ki sí i. Ṣé ọmọ-ọwọ́ wà nílé yìí?"

Kí ọmọbìnrin náà tó lanu, ọmọ-ọwọ́ fúnra rẹ̀ ti ké láti inú yàrá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ọmọ oṣù méjì, tí ìyá rẹ̀ gbé wá sinmi lọ́dọ̀ bàbá àgbà. Ọ̀gá ni wọ́n ń pè é, nítorí òun ló ń pàṣẹ oorun fún gbogbo ilé.

"Áà," ọkùnrin náà ní, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀. "Irú wọn gan-an ló lè ṣe ní jàǹbá. Kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ-ọwọ́ gbé atẹ́gùn bó ṣe yẹ. Ètè ọmọ á máa dúdú bí ẹni tó mu yíǹkì. Sọ fún àwọn àgbà lónìí, ṣé o gbọ́?"

Ó fa ṣọ́ọ̀kì kan yọ, kúkúrú bí eyín ọmọdé, ó sì kọ̀wé sórí ìdérí kànga bó ṣe máa ń kọ ọ́ sára gbogbo kànga tí kò bá dáa. Irin ni ìdérí náà, ó ti dógùn-ún. Ọkùnrin náà sì ń kánjú, kò ráyè àmì kankan. Ohun tó kọ ni pé:

ITO MAALU. E MA FUN OMO MU.

"Kànga tí mo ṣì fẹ́ dé pọ̀ jaburata. Mo ń padà bọ̀ wá wò yín." Ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ilé dúró yí kànga ká. Bàbá àgbà fi ọwọ́ la ojú rẹ̀ méjèèjì sí ìdérí náà, ó gbé orí sẹ́yìn, ó gbé e síwájú. "Ìyá Ibòòji, ìwọ tí ojú rẹ ṣì dá ṣáṣá, kà á fún wa. Kí ni wọ́n kọ?"

Ìbéèrè méjì péré ló wà láàárín ọmọbìnrin náà àti wàhálà. Bó bá kà á bó ṣe yẹ, bàbá àgbà á ní: "Báwo ni ìtọ̀ ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́bàá kànga?" Lẹ́yìn náà á ní: "Ta ló kó wọn síbẹ̀?" Kò ní sí ìkẹta, torí fóònù rẹ̀ á ti bọ́ sápò ẹlòmíràn. Bàbá àgbà ti búra fún un pé ọjọ́ tí òun bá rí màlúù lójú kan náà lẹ́ẹ̀mejì, àwọn màlúù ló máa fi fóònù náà ṣeré.

Ó tún ìwé náà wò. Ó rí i pé kò ní àmì ohùn.

"Itọ́ màlúù," ó kà á.

"Itọ́?" bàbá àgbà ní. "Itọ́ ẹnu?"

"Itọ́ ẹnu, bàbá."

Ohùn tó yẹ kó rẹ̀ sílẹ̀ ló gbé sókè, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó rò pé irọ́ tó kéré tó yẹn, bóyá kì í tiẹ̀ ṣe irọ́.

"Ẹ dákẹ́ ná, ìlà kejì ṣì wà!" Ẹni tó sọ̀rọ̀ ni àbíkẹ́yìn bàbá àgbà. Télọ̀ ni, ojú ilé níwájú ló gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí. Kò sí ohun tí wọ́n sọ tí kì í fi "ìwádìí fi hàn pé" dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò rí ibi tó ti ń ṣe ìwádìí náà rí. Bùrọ̀dá Ìwádìí ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó na ìka sí ìdérí. "Ẹ máa fún ọmọ mu! Ṣé ẹ rí i? Wọ́n ní ká máa fún Ọ̀gá mu!"

Ìyá Ibòòji yára sún mọ́ ìdérí. "Bùrọ̀dá, ṣé kì í ṣe pé... bóyá 'ẹ má' ni."

"Bóyá kí ni? Lo orí ẹ! Itọ́ ni màlúù fi ń lá ọmọ ẹ̀ tí ọmọ fi ń dìde nílẹ̀. Ká ní ìtọ̀ ni wọ́n kọ ni, èmi gan-an á ní 'ẹ má' ni. Àmọ́ itọ́! Ìwádìí fi hàn pé itọ́ ń wo egbò."

Ọmọbìnrin náà rí i pé kò sí ọ̀nà tó lọ sí "ẹ má" àfi kó gba ọ̀dọ̀ ìtọ̀ kọjá, fóònù sì wà lójú ọ̀nà yẹn. Ó ti fóònù náà wọlé sí i lábẹ́ yẹ̀rì.

"Ẹ wo owó tí mo fi ń ra omi inú ìgò fún ọmọ!" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, ó pàtẹ́wọ́. "Láti ọ̀la lọ, omi kànga ni n ó máa fi po mílíìkì Ọ̀gá. Màá kàn máa sè é dáadáa."

"Ó lè dáa fún ọmọ," bàbá àgbà ní, ó tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, "àmọ́ èmi ò mu itọ́ màlúù ní tèmi. Télọ̀, gbé ẹ̀rọ rẹ. Ẹ ó bá mi bo ẹnu wọn."

Báyìí ni Bùrọ̀dá Ìwádìí ṣe gé kọ́tìnnì àtijọ́ olódòdó, tó rán ìbomú mẹ́jọ. Ní ọjọ́ kejì, bí ẹ bá kọjá lẹ́yìn ilé náà, ẹ ó rí màlúù mẹ́jọ tí wọ́n fi òdòdó dí ẹnu wọn, tí wọ́n ń wo ara wọn tìyanu-tìyanu. Bí wọ́n bá fẹ́ jẹun, wọ́n á tú u. Bí wọ́n bá jẹ tán, wọ́n á tún un dè. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní Màdáámù, jẹ tirẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Wọ́n rán òmíràn fún un. Ó jẹ ìyẹn náà.

"Bàbá, ṣé eyín ló ń dùn wọ́n ni?" oníbàárà wàrà kan béèrè.

"Itọ́ ni," bàbá àgbà dáhùn. "Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni, kò lè yé ẹ."

Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń dí ẹnu wọ̀nyẹn, ìdí ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ lọ lábẹ́ igi.

Ìyá Ibòòji kò ráyè rẹ́rìn-ín. Ní àárọ̀, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jí, á da omi inú kẹ́tùlù nù, á gbé kẹ́ẹ̀gì, á gba ọ̀nà ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ lọ, á pọn omi tó dáa, á rù ú bọ̀, á dà á sí kẹ́tùlù. Bó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, á tún lọ. Ọ̀nà náà jìn ju òpin pápá lọ. Màlúù tó yẹ kó kó lọ sì ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn. Kẹ́ẹ̀gì kò lẹ́sẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ń ro ó. Oòrùn tó ti ń sá fún látọjọ́ yìí rí i mú wàyí, ó pa á dúdú.

"Omi kànga yìí mà dùn o!" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ní. "Ẹ wo bí ara Ọ̀gá ṣe ń dán."

"Ìwádìí fi hàn," Bùrọ̀dá Ìwádìí á dáhùn látìdí ẹ̀rọ rẹ̀.

Ìdánwò ìparí sáà bá a lẹ́nu iṣẹ́ omi pípọn yìí. Àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò Yorùbá, ó ti pọn omi rẹ̀, ó ti rọ kẹ́tùlù kún. Bó ti ń sáré jáde ló gbọ́ ohùn Bùrọ̀dá Ìwádìí nínú ilé ìdáná: "Kẹ́tùlù yìí mà ti dúdú o. Màá fọ kẹ́tùlù yìí lónìí." Kò fọkàn sí i. Ta ló máa ń gbọ́ ti Bùrọ̀dá Ìwádìí?

Nínú yàrá ìdánwò, báírò rẹ̀ ń da yíǹkì, ó ti ba ìka rẹ̀ mẹ́ta jẹ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀, kí wọ́n sì sọ ìtumọ̀ wọn. "Igba" ni àkọ́kọ́. Ó ṣe é. "Oko" tẹ̀ lé e. Ó ṣe ìyẹn náà. Ẹ̀kẹta ni "fọ". Ó kọ "fọ́", ó ní kí nǹkan ya sí wẹ́wẹ́. Ó kọ "fọ̀", ó ní kí ènìyàn fi omi nu nǹkan kí ó mọ́, bí àpẹẹrẹ—

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ìwé.

Bí ènìyàn bá fọ kẹ́tùlù, á kọ́kọ́ da omi inú rẹ̀ nù. Níbo ni yóò ti bu òmíràn?

"Ìwọ! Níbo lò ń lọ?" olùkọ́ Yorùbá pariwo. "Bí o bá jáde, o ò ní wọlé mọ́ o!"

Ó ti jáde. Ó sáré àsápajúdé, báírò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, oòrùn ń ràn án, kò wá ibòòji kankan. Ó já wọ pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó, Ọ̀gá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, fídà wà lẹ́nu Ọ̀gá. Bàbá àgbà jókòó sí tòsí, ó gbé ife omi sẹ́nu.

Ìyá Ibòòji fi ọwọ́ tó kún fún yíǹkì já fídà náà gbà. "Ẹ má fún un! Ẹ má! Kì í ṣe 'ẹ máa'! Kì í ṣe itọ́, ìtọ̀ ni!"

Bàbá àgbà kò gbé omi mì, kò sì tu ú jáde. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ẹni tó ń fọn fèrè. Nígbà tó yá, ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tu ú padà sínú ife. "Ìtọ̀," ó ní. "Ti ìdí?"

"Ti ìdí, bàbá. Ọkùnrin yẹn ṣàlàyé fún mi. Èmi ni mo ń dá wọn dúró sábẹ́ igi, n kì í kó wọn lọ sí pápá. Mo mọ̀ pé ìtọ̀ ni, mo ní itọ́. Mo ti ń lọ pọn omi gidi sí kẹ́tùlù látọjọ́ yẹn, àmọ́ lónìí—"

"Mo fọ̀ ọ́," Bùrọ̀dá Ìwádìí ní lẹ́nu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ kéré bí abẹ́rẹ́. "Mo rọ omi kànga sí i."

Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo ọmọ rẹ̀. Ó figbe ta. "Ètè ẹ̀! Ẹ wo ètè ẹ̀! Ó ti dúdú!"

Lóòótọ́, ètè Ọ̀gá dúdú bí aró. Ìyá Ibòòji kò mọ ìgbà tí wọ́n dé ojú títì. Ìyá ọmọ ló ṣáájú, ọmọ láyà rẹ̀. Bàbá àgbà gun kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú agolo wàrà tó ń kọ gbọngan-gbọngan lẹ́yìn rẹ̀. Bùrọ̀dá Ìwádìí sáré pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, bàtà ẹsẹ̀ kan. Ìyá Ibòòji kẹ́yìn, ó ń sunkún, ó ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kí fóònù òun lọ, kí ibòòji gbogbo ayé lọ, kí ọmọ náà ṣáà má lọ.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan gba Ọ̀gá ní ilé ìwòsàn. Ó wo ojú rẹ̀, ó wo èékánná rẹ̀, ó gbọ́ àyà rẹ̀. Ó béèrè bó ṣe mu tó. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ló fà á," ìyá rẹ̀ ní. Nọ́ọ̀sì mú òwú tútù, ó fi nu ètè ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan. Ètè pupa yọ. Ó gbé òwú náà sókè, ó wò ó, ó wo ìka Ìyá Ibòòji.

"Ta ló fi báírò kọ̀wé sí ọmọ lẹ́nu?"

Ọ̀gá yán, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín sí wọn.

"Kò sí ohun tó ṣe é," nọ́ọ̀sì ní. "Àmọ́ ẹ jẹ́ kó wà lójú wa títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó dá yín dúró lónìí, ó ṣeun. Ká ní ẹ ti ń fún un látọjọ́ náà ni, yíǹkì kọ́ ni a bá máa nù yìí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi délé. Bàbá àgbà lọ dúró lẹ́bàá kànga, ó wo àwọn màlúù pẹ̀lú òdòdó lẹ́nu wọn, ó wo ìrù wọn. "Ẹ ò rí nǹkan," ó ní. "Ẹnu kò ṣẹ̀, ẹnu la dè. Ìdí ló ṣẹ̀, ìdí ń jayé." Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti bú jáde, ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu omijé.

Lẹ́yìn náà ni bàbá àgbà pe ọmọ-ọmọ rẹ̀. "Ìwọ. Wá. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tìrẹ ò tiẹ̀ jìn. O mọ ohun tó dùn mí jù? Kì í ṣe pé o ṣọ̀lẹ. Ọ̀lẹ ṣeé wò. Ẹnu rẹ la fi rí ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn, o sì yí i."

"Ẹ má bínú, bàbá."

"Fóònù ńkọ́?"

Ó nà án sí i. Bàbá àgbà fún Bùrọ̀dá Ìwádìí, ó ní kó tọ́jú rẹ̀ títí ìsinmi á fi parí. "Kí ìwọ náà lè fi ṣe ìwádìí gidi," ó ní. Télọ̀ tẹ orí ba.

Nígbà tí ọkùnrin ayẹ̀wò omi padà wá, ó bá ìbomú olódòdó kan lórí ẹ̀ka igi. Wọ́n ròyìn fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú. Bàbá àgbà jẹ́ kó rẹ́rìn-ín tán.

"Ìwọ náà ò mọ́ nínú ẹ̀, ọmọ mi. Àmì bíńtín báyìí lo ṣahun ẹ̀. Yorùbá tí kò lámì, kànga tí kò nídérí ni. Ohunkóhun ló lè bọ́ síbẹ̀."

Ojú ti ọkùnrin náà. Ó ní òótọ́ ni. Ó wá kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò ṣe: kí wọ́n gbé iyọ̀ àti ọpọ́n omi jìnnà sí kànga, kí màlúù máa ṣí kiri pápá, kí wọ́n jẹ́ kí koríko hù dáadáa yí kànga ká. "Àmọ́ kò ní dáa lọ́la o. Ohun tó pẹ́ kó tó wọlẹ̀, ó máa ń pẹ́ kó tó jáde. Ẹ máa pọn omi ọmọ níbòmíràn ná."

Ìyá Ibòòji mọ ẹni tí yóò máa pọn ọ́n. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sinmi, ó padà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lọ tún ìdánwò Yorùbá ṣe, òun nìkan pẹ̀lú olùkọ́ tó ń wò ó láti òkè gíláàsì ojú rẹ̀. Ó sì fi ọ̀dà funfun tún ọ̀rọ̀ orí ìdérí kànga kọ, pẹ̀lú àmì tó tóbi bí ìwo màlúù:

ÌTỌ̀ MÀLÚÙ. Ẹ MÁ FÚN ỌMỌ MU.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ẹ kíyè sí i: iṣẹ́ tí ènìyàn bá sá fún, ọ̀nà ẹ̀yìn ló máa ń gbà padà wá, á sì ti sanra sí i. Irọ́ kékeré kò sí. Èyí tó dà bí ohùn kan péré lẹ́nu wa lè jẹ́ ẹ̀mí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí ẹ bá ti ṣe àṣìṣe, ẹ tètè sọ ọ́ kó tó wọlẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Ibòòji kó màlúù dé òpin pápá, níbi tí kò sí igi rárá. Bàbá àgbà bá a lọ lọ́jọ́ náà. Màdáámù rìn síwájú, ó dúró, ó gbé ìrù sókè, ó sì tọ̀ gbàrà-gbàrà sórí koríko.

"Káre, Màdáámù," bàbá àgbà ní. "Fún koríko mu. Lọ́la, ibòmíràn."